Kí ni òwìwí ń wá lára owó fàdákà àwọn ará Áténì?

Ìbéèrè náà ni pé: kí ló dé tí àwọn Gíríìkì àtijọ́ fi ya òwìwí, ẹyẹ tí àwa ń pè ní ẹyẹ àjẹ́, sára owó?

Lọ́dọ̀ tiwọn, ẹyẹ Athena ni, òrìṣà ọgbọ́n àti ogun tó ni ìlú Áténì. Glaukopis ni wọ́n fi ń kì í, ìyẹn ẹlẹ́yinjú tó ń kọ mànà. Glaux sì lorúkọ òwìwí gan-an. Ojú tó ń ríran lókùnkùn ni wọ́n rí lára ẹyẹ yìí. Ẹ wo owó náà dáadáa: ara ẹyẹ kọ ẹ̀gbẹ́, àmọ́ ojú rẹ̀ méjèèjì ranjú mọ́ ẹni tó mú owó dání.

Ẹ̀ka ólífì tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ní ìtàn tirẹ̀. Athena àti Poseidon, olókun wọn, jọ du ìlú náà. Poseidon fi ọ̀kọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́ta gún àpáta, omi iyọ̀ tú jáde. Athena gbin igi ólífì, tó ń fúnni lóúnjẹ àti òróró, òun ló sì borí. Lẹ́yìn ogun Páṣíà (480 sí 479 ṣáájú ìbí Jésù), wọ́n fi ewé ólífì mẹ́ta kún àṣíborí Athena lójú kejì owó náà. Lẹ́tà ΑΘΕ túmọ̀ sí "ti àwọn ará Áténì".

Dírákímà (owó àwọn Gíríìkì) mẹ́rin ni owó yìí, ó wọn bíi gíráàmù 17. Láti kùsà Laurion, nítòsí Áténì, ni fàdákà rẹ̀ ti ń wá. Wọ́n á gbé fàdákà róbótó sáàárín irin méjì tí wọ́n fín àwòrán sí, wọ́n á fi òòlù lù ú. Bí kò bá wà láàárín gan-an, orí àṣíborí á gé kúrò. Ó wọ́pọ̀ gan-an. Owó náà pọ̀, "gbígbé òwìwí lọ sí Áténì" sì di òwe fún ẹni tó ń ru nǹkan lọ síbi tó ti kún.

Ayédèrú sì wà, bàbà tí wọ́n fi fàdákà bò. Òfin Áténì ọdún 375/374 ṣáájú ìbí Jésù ní kí ẹrú ìlú kan máa jókòó lọ́jà láti yẹ owó wò. Bó bá kọ iṣẹ́ rẹ̀, pàṣán àádọ́ta ni. Owó tí inú rẹ̀ bá jẹ́ bàbà tàbí òjé, á gé e lójú ẹsẹ̀, owó yẹn á sì di ti Ìyá àwọn Òrìṣà.