Ẹ Bi Wá: Alẹ́ẹ̀tì Wọ Fóònù, Ṣé Owó Wọ Àkáǹtì?

Gbogbo ìbéèrè ọ̀sẹ̀ yìí dá lé ríra, títà àti pípààrọ̀ ẹrù pẹ̀lú ẹni tí a kò mọ̀ rí, tó jẹ́ pé orí íntánẹ́ẹ̀tì la ti pàdé rẹ̀. Láti Ìsàlẹ̀ Èkó títí dé Ìkòròdú ni wọ́n ti wá. A gé àwọn lẹ́tà náà kúrú, a sì yọ orúkọ kúrò.

“Mo polówó fíríìjì kékeré kan lórí Facebook ní ₦95,000. Ọmọkùnrin kan wá gbé e nílé. Ó ṣe tiráńsífà lójú mi, ó fi rìsíìtì hàn mí, alẹ́ẹ̀tì sì wọlé lórúkọ báńkì mi, lábẹ́ àwọn alẹ́ẹ̀tì àtẹ̀yìnwá gan-an. Alẹ́ ni mo tó mọ̀ pé kọ́bọ̀ kò wọlé. Báwo ni alẹ́ẹ̀tì báńkì ṣe ń parọ́?” — Ìyá kan, Súrùlérè

Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá wa. Ọlọ́run á fi èyí tó jù ú lọ dípò.

Báńkì kọ́ ló fi iṣẹ́ yẹn ránṣẹ́. Orúkọ tó ń hàn lókè àtẹ̀jíṣẹ́ kì í ṣe ẹ̀rí ibi tó ti wá, torí àwọn kan mọ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọ orúkọ tó bá wù wọ́n síbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ láti orí kọ̀ǹpútà. Orúkọ ni fóònù yín fi ń to àtẹ̀jíṣẹ́ jọ. Bí orúkọ bá ti bára mu, ojú kan náà ló ń kó wọn sí, bí ayédèrú ṣe jókòó sábẹ́ ojúlówó nìyẹn. Rìsíìtì tó fi hàn yín kò sì le láti ṣe. Àwọn áàpù kan wà tí wọ́n ṣe kí ó jọ ti báńkì: wọ́n á tẹ orúkọ yín, nọ́ńbà àkáǹtì yín àti iye owó sí i, á sì gbé àmì aláwọ̀ ewé jáde pé owó ti lọ. Owó kankan kò kúrò níbì kankan.

Torí náà, ohunkóhun tí ẹni tó ń rajà bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ nà sí yín, ẹ má kà á sí. Kí oníbàárà tó dé, ẹ wo iye tó wà nínú àkáǹtì yín, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Bó bá ní òun ti sanwó, ẹ ṣí áàpù báńkì yín fúnra yín, ẹ wo iye tó kù àti ìtàn owó tó wọlé. Bí dátà kò bá sí, ẹ tẹ nọ́ńbà báńkì yín láti orí síìmù tí ẹ fi forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀: *737*6*1# ni ti GTBank, *919*00# ni ti UBA, *894*00# ni ti First Bank. Bí iye náà kò bá tíì lé sí i, ẹ má jẹ́ kí fíríìjì kúrò nílẹ̀.

Òótọ́ ni pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì báńkì máa ń dà bolẹ̀ nígbà míì, tí owó gidi yóò sì pẹ́ kó tó dé. Ẹni tó sanwó lóòótọ́ kò ní ohun tó máa pàdánù tí ẹrù bá dúró de owó rẹ̀. Kí ó jókòó, kí ó lọ gba owó lọ́wọ́ oníPOS, tàbí kí ó padà wá lọ́la. Owó tí ó ti san tẹ́lẹ̀, bó bá jẹ́ òótọ́, ní nọ́ńbà onídíjíìtì 30 tí wọ́n ń pè ní Session ID. Ẹ gbà á, kí ẹ sì fún báńkì yín kí wọ́n wá a kàn.

Ohun tó ń ṣekú pa àwọn ìyá wa nínú ọ̀rọ̀ yìí ni ojútì. Ọmọ náà á bojú jẹ́, á ní, “Mọ́mì, ṣé mo jọ olè lójú yín ni?” Ẹ dá a lóhùn pé, “Rárá, ọmọ mi, jókòó ká jọ dúró de owó náà.” Kò sí ìwọ̀sí kankan nínú ìyẹn.

“Èmi wo àkáǹtì mi ní tèmi. Owó láptọ́ọ̀pù tí mo tà wọlé lóòótọ́, ₦310,000. Ní ọjọ́ kẹta, báńkì ti àkáǹtì mi pa. Wọ́n ní ẹnì kan fẹjọ́ sùn pé mo lu òun ní jìbìtì. Kí ni mo ṣe?” — Yábàá

Ẹ wo orúkọ ẹni tó fi owó náà ránṣẹ́. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá wa lójú pé kì í ṣe orúkọ ẹni tó wá gbé láptọ́ọ̀pù.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rèé. Gbájú-ẹ̀ rí ìpolówó yín, ó jí àwòrán rẹ̀, ó sì tún un polówó ní iye tó kéré sí tiyín tàbí tó bá a mu. Ẹlòmíràn fẹ́ rà á. Gbájú-ẹ̀ ní kí ẹ fún òun ní nọ́ńbà àkáǹtì, ó sì gbé e lé ẹni yẹn lọ́wọ́ bí ẹni pé tirẹ̀ ni. Ẹni yẹn sanwó sọ́dọ̀ yín. Ẹ rí owó gidi, ẹ gbé láptọ́ọ̀pù fún gbájú-ẹ̀, ó lọ. Nígbà tí ẹni tó sanwó kò rí ẹrù, orúkọ yín ló wà lórí rìsíìtì rẹ̀, orúkọ yín náà ló sì gbé lọ sí báńkì. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ sọ nǹkan nù, ẹ sì ń na ìka sí ara yín.

Ẹ kó gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹ bá ẹni tó rajà sọ, nọ́ńbà tó fi pè yín, àwòrán ìpolówó yín pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ gbé e síta, àti rìsíìtì tí ẹ fi ra láptọ́ọ̀pù náà, kí ẹ gbé wọn lọ sí ẹ̀ka báńkì yín pẹ̀lú lẹ́tà. Ẹ má na owó náà bí wọ́n bá ṣí àkáǹtì kí ọ̀rọ̀ tó parí.

Láti ìsinsìnyí lọ, kí orúkọ tó wà lórí owó jẹ́ orúkọ ẹni tó dúró níwájú yín. Bó bá ní “ẹ̀gbọ́n mi ló ń bá mi san án,” ẹ ní kó pe ẹ̀gbọ́n náà lójú yín, kí ẹ sì fúnra yín bi í pé kí ló ń sanwó fún, níbo ni wọ́n sì ti sọ fún un pé ó ti máa gbé e. Bí ìdáhùn wọn kò bá bára mu, ẹ dá owó náà padà sí àkáǹtì tó ti wá gan-an, ẹ má fi ránṣẹ́ sí ibòmíràn. Bákan náà ni fún ẹni tó ní òun ṣèèṣì san owó tó lé, pé kí ẹ dá ìyókù padà sí nọ́ńbà míì.

“Mo fẹ́ fi Samsung mi pààrọ̀ iPhone ẹnì kan tí mo rí lórí Jiji, kí n sì fi ₦120,000 lé e. Ó ní ká pàdé ní Computer Village. Kí ni kí n yẹ̀ wò?” — Akẹ́kọ̀ọ́, Akọkà

Ẹ má ṣe é lójú títì Ọ̀tìgbà ní Computer Village, níbi tí èrò ti ń ti ara wọn, tí ẹni tó gba fóònù lọ́wọ́ yín ti lè wọ àárín èrò lọ. Gbọ̀ngàn báńkì ló dára jù, tàbí ibi tí wọ́n ti ń jẹun ní Ikeja City Mall, ní Aláùsá: ìjókòó wà, ẹ̀ṣọ́ wà, kámẹ́rà wà. Kí ó jẹ́ òwúrọ̀. Ẹ mú ẹnì kan dání, pẹ̀lú síìmù tí kò so mọ́ báńkì, ṣájà, íápíìsì àti dátà tó tó.

Ẹ kọ́kọ́ tẹ *#06#. IMEI, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ fóònù, onídíjíìtì 15, máa jáde. Kí ó bá èyí tó wà ní Settings, General, About mu, kí ó sì bá ti ara páálí mu. Ní About níbẹ̀, ẹ wo Carrier Lock. “No SIM restrictions” ni kó kọ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ fóònù náà lè kọ síìmù yín. Bí ẹ bá rí i lókè Settings pé iléeṣẹ́ kan ló ń ṣàkóso fóònù náà, fóònù iléeṣẹ́ ni, ẹ dá a padà. Ẹ wo Maximum Capacity, ìyẹn agbára tó kù fún báńtìrì: bó bá ti bọ́ sísàlẹ̀ 80%, owó báńtìrì tuntun gbọ́dọ̀ jáde nínú ₦120,000 yẹn. Ẹ fi síìmù sí i, ẹ pe ẹnì kan, ẹ gbohùn sílẹ̀, ẹ fi kámẹ́rà iwájú àti ti ẹ̀yìn ya àwòrán, ẹ sì fi ṣájà sí i.

Gbogbo èyí kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àkáǹtì Apple. Ẹ ní kí ẹni náà fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ orúkọ rẹ̀ lókè Settings, kó lọ sísàlẹ̀ pátápátá, kó tẹ Sign Out, kó sì tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀. Ẹni tó jí fóònù kì í sábà mọ ọ̀rọ̀ aṣínà yìí, ibẹ̀ ni ẹ ti máa gbọ́ pé “mo ti gbàgbé, mo máa fi ránṣẹ́ sí yín lálẹ́.” Ẹ dìde níbẹ̀. Bó bá ti yọ ọ́, kí ó lọ sí General, Transfer or Reset iPhone, Erase All Content and Settings. Ẹ dúró kí ó tan padà, ẹ so ó mọ́ dátà yín, ẹ tò ó dé ojú ewé tí áàpù wà. Ó lè gba ogún ìṣẹ́jú. Ẹ má jẹ́ kí ó kán yín lójú, torí lẹ́yìn tí fóònù bá dé orí íntánẹ́ẹ̀tì ni àgádágodo ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ máa ń jáde.

Ẹni tó bá ń gba Android náà, kí onífóònù yọ àkáǹtì Google rẹ̀ kúrò kó tó nu fóònù náà. Ti Samsung, ẹ tẹ *#0*# láti dán ojú fóònù, spíkà àti kámẹ́rà wò. Ìṣòro kan tún wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀: fóònù tí wọ́n rà ní àsandíẹ̀díẹ̀. Gbèsè ṣì wà lórí rẹ̀, ẹni náà sì ti gbé e fún yín. Bí kò bá sanwó oṣù, olówó máa ti fóònù náà pa láti ọ̀nà jíjìn, nínu fóònù náà kì í sì í yọ àgádágodo náà. Ẹ wo inú Settings, níbi tí wọ́n ti ń to áàpù alákòóso, bí áàpù ayánilówó bá wà níbẹ̀ tí kò ṣe é yọ. Kí ẹ sì béèrè rìsíìtì.

Ó wá ku ọgbọ́n ẹ̀tàn ìkẹyìn. Ẹ ti yẹ̀ ẹ́ wò tán, ẹni náà ní “ẹ jẹ́ kí n bá yín dì í sínú páálí.” Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń yí i padà, tí ẹ máa délé bá fùfú, ọṣẹ tàbí gíláàsì tí wọ́n gé bí fóònù. Fóònù tí ẹ bá ti yẹ̀ wò kò gbọ́dọ̀ padà sọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Síìmù yín ni kí ó wà nínú rẹ̀, kí ó sì wà ní títàn, kí ẹ tó na Samsung sí i.

Ẹ kọ ìwé péńpé kan: orúkọ ẹ̀yin méjèèjì, ọjọ́, IMEI fóònù méjèèjì, iye tí ẹ fi lé e. Ẹ ya àwòrán káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀. Gbígba ẹrù olè jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin, ọ̀dọ̀ ẹni tí fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ọlọ́pàá sì máa ń kọ́kọ́ dé.

“Ẹnì kan tó ń ta bàtà lórí Instagram ní kí n san ìdajì kí òun tó fi waybill ránṣẹ́ sí Jíbówú. Ṣé kí n san?” — Ìkòròdú

Ẹ tẹ àmì mẹ́ta (…) tó wà lókè ojú ewé rẹ̀, kí ẹ wo About this account: oṣù àti ọdún tó ṣí i wà níbẹ̀, àti bóyá ó ti pààrọ̀ orúkọ. Ojú ewé tó ti pààrọ̀ orúkọ lẹ́ẹ̀mẹ́rin, wọ́n lè ti jí i tàbí rà á. Ẹ fi Google Lens wo àwòrán bàtà náà bóyá ti ọjà ẹlòmíràn ni. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kó pè yín lórí fídíò, kó gbé bàtà náà sókè pẹ̀lú bébà tí ó kọ orúkọ yín sí. Ẹni tí bàtà wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò ní ṣe àwáwí. Wọ́n tún lè ní kí ẹ wo orúkọ iléeṣẹ́ àwọn lọ́dọ̀ CAC, àjọ tó ń forúkọ iléeṣẹ́ sílẹ̀. Ó dára, ṣùgbọ́n ìforúkọsílẹ̀ kò sọ ẹnikẹ́ni di olóòótọ́.

Bí ẹ bá lè yí i sí kí díspáàṣì gbé e wá kí ẹ sì sanwó lẹ́nu ọ̀nà, ó sàn jù. Ẹ tú u kí ẹ tó san. Bí ọlọ́kadà bá ní wọn kò gbà kí ẹ tú u, ẹ jẹ́ kó gbé e padà. Owó ìrìnnà nìkan ni ẹ pàdánù. Bí “awakọ̀” kan bá pè yín láti ojú ọ̀nà pé owó ẹrù tún ti lé, ẹ má fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́.

“Ẹni tó fẹ́ ra ẹrù mi ní nọ́ńbà onídíjíìtì mẹ́fà kan máa wọlé sórí fóònù mi, kí n kà á fún òun kí òun lè fi mọ̀ pé èèyàn gidi ni mí.” — Ajah

Ẹ má kà á. WhatsApp yín ló fẹ́ gbà, kó lè fi yá owó lọ́wọ́ àwọn èèyàn yín. Ẹ lọ sí Settings, Account, Two-step verification lónìí, kí ẹ fi nọ́ńbà aṣínà tiyín sí i.

“Wọ́n ti gba ₦180,000 lọ́wọ́ mi. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ kan, ojú ń tì mí. Ṣé ó ti bọ́?” — Ìsàlẹ̀ Èkó

Ì bá dára bí ẹ bá ti pe báńkì yín láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀ tó ṣẹlẹ̀, torí wọ́n lè bẹ báńkì kejì kí wọ́n mú owó náà dúró bí wọn kò bá tíì kó o jáde. Ẹ lọ síbẹ̀, bó ti wù kó pẹ́ tó, pẹ̀lú ọjọ́, aago, iye, nọ́ńbà àkáǹtì tó gbà á àti Session ID. Báńkì kì í sábà fa owó jáde nínú àkáǹtì ẹlòmíràn bí ẹni náà kò bá gbà tàbí tí kò sí àṣẹ ilé ẹjọ́. Nítorí náà ẹ dé àgọ́ ọlọ́pàá tó wà ládùúgbò yín, ẹ gba ìwé ìfẹjọ́sùn, kí ẹ sì kọ̀wé sí EFCC, àjọ tó ń gbógun ti jìbìtì owó, tó ní ọ́fíìsì ní Ìkòyí. Ẹ má pa ọ̀rọ̀ kankan rẹ́ nínú fóònù yín. Ẹ ya àwòrán ojú ewé ẹni náà àti nọ́ńbà rẹ̀ kó tó pa wọ́n rẹ́.

Bí ẹ bá sì kọ ọ̀rọ̀ náà síta lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹnì kan máa kàn sí yín láàrin ọjọ́ díẹ̀ pé òun mọ ẹni tó lè bá yín fi kọ̀ǹpútà gba owó náà padà, pé ₦20,000 péré ni. Ọ̀kan náà ni òun àti ẹni àkọ́kọ́.