Ẹ BÉÈRÈ, Ẹ GBỌ́: Bíà tí mo mu ní Gíríìsì, ṣé mo lè pọn ọ́n nílé?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti ìyàwó mi lọ sí Rhodes ní Gíríìsì fún họ́lídè nínú oṣù kẹjọ, ojoojúmọ́ la máa ń jókòó sétí òkun, wọ́n á gbé Mythos wá nínú ife tí wọ́n ti kì bọ fírísà, mi ò purọ́, ó dùn ju bíà èyíkéyìí tí mo ti mu rí. A padà sílé, mo rà á ní súpámákẹ́ẹ̀tì, kò rí bákan náà mọ́ rárá. Mo máa ń pọn bíà nílé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, èyí inú agolo tí wọ́n á ní kéèyàn da omi gbígbóná àti ṣúgà sí, ṣùgbọ́n tèmi máa ń ní ìtọ́wò èso kan báyìí tí mi ò mọ ibi tó ti ń wá. Ṣé mo lè pọn irú ti Gíríìsì yẹn, kí ni kí n rà? Ọmọ Ìjẹ̀bú, Manchester.

Ìdáhùn: Àbúrò mi, ẹ kú ìgbádùn, ìwọ àti aya ẹ. Ó ṣeé ṣe dáadáa, àní fríìjì ló máa gbówó lọ́wọ́ ẹ ju ọkà lọ, màá dé orí ìyẹn láìpẹ́.

Ti súpámákẹ́ẹ̀tì yẹn ná. Oòrùn oṣù kẹjọ, iyọ̀ òkun lẹ́nu, ẹja yíyan níwájú, ọ̀gá ibiṣẹ́ ò sì lè pè ẹ́, ta ló máa rọ gbogbo ìyẹn sínú ìgò gbé wá sí Manchester? Èyí tó o máa pọn gan-an ò lè ní in, jẹ́ ká tètè sọ bẹ́ẹ̀ fúnra wa. Àmọ́ nǹkan kan tún wà tó jẹ́ ẹjọ́ ìgò: ìgò aláwọ̀ ewé ni Mythos máa ń wà, ìyẹn ò sì lè dá ìmọ́lẹ̀ dúró bí ìgò búráùn ṣe ń dá a dúró. Tí oòrùn tàbí iná ṣọ́ọ̀bù bá ti ń tàn sí i lára, èròjà kíkorò tó wá látinú hops, òdòdó tí wọ́n máa ń sè mọ́ bíà, á bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà, ọtí á wá máa rùn bí asín. Torí náà ìgò búráùn ni kó o wá fún tìẹ, kó o sì gbé e síbi tó ṣókùnkùn, tó bá wù ẹ́ kó o fi aṣọ bò ó.

Ìtọ́wò èso tó o sọ yẹn, yíìsì ló fà á. Oríṣi méjì ni àwa apọntí sábà máa ń lò, ti ale fẹ́ràn ibi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó sì máa ń tu òórùn èso jáde bó ṣe ń ṣiṣẹ́, ti lágà fẹ́ òtútù, ó máa ń lọ́ra, ṣùgbọ́n ọtí ẹ̀ máa ń mọ́ lẹ́nu. Ọ̀pọ̀ agolo tí wọ́n kọ lágà gàdàgbà sí lára, yíìsì ale ni wọ́n kó sábẹ́ ìdérí ẹ̀, torí wọ́n mọ̀ pé kíṣìnì ni wàá gbé e sí. Kìlò ṣúgà tí wọ́n ní kó o dà sí i yẹn náà, ńṣe ló ń mú kí ọtí fúyẹ́ tí kò ní ara. Gbàgbé agolo jàre.

Má sì jẹ́ kí orúkọ Gíríìsì dẹ́rù bà ẹ́, kò sí idán níbẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn ará Jámánì ni ọ̀nà ìpọnti yẹn ti wá: ní 1832 wọ́n fi Otto, ọmọ ọba Bavaria, jọba lórí Gíríìsì, àwọn ará Bavaria bá a dé ibẹ̀, ìdílé Fix wà lára wọn, 1864 sì ni ọdún tí ọtí Fix ń kọ sára ìgò títí dòní. Ilé ìpọnti wọn àtijọ́ ní títì Syngrou ní Athens ti di mùsíọ́mù báyìí, orúkọ wọn ṣì wà lára ibùdókọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ tó wà níbẹ̀. Mythos tìẹ yìí kéré sí wọn púpọ̀, 1997 ló jáde, abẹ́ Carlsberg ti Dẹ́nmáàkì ló wà. Lágà fẹ́ẹ́rẹ́ ni gbogbo wọn, Fix o, Alfa o, Vergina o, ọtí inú wọn ò jìnnà sí 5%, wọn ò korò púpọ̀, gbígbẹ ni wọ́n máa ń gbẹ lẹ́nu.

Ó yá, lítà 20 ni ká pọn. Ra Pilsner malt kìlò 4 kó o ní kí wọ́n bá ẹ lọ̀ ọ́, ra àgbàdo pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní flaked maize gíráàmù 400. Malt yẹn ò ju ọkà bálì tí wọ́n rẹ, tí wọ́n jẹ́ kó hù, tí wọ́n wá gbẹ lọ, ohun tí àwọn ìyá wa ń fi àgbàdo ṣe kí wọ́n tó pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ náà nìyẹn. Gbé omi lítà 14 kaná kó tó dígírì 71 (Celsius ni gbogbo dígírì tí mo bá dárúkọ o), da ọkà sí i, ó máa balẹ̀ sí bíi 65, fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé ìkòkò ẹ kó o fi í sílẹ̀ fún wákàtí kan. Lẹ́yìn náà sẹ́ ẹ, máa fi omi tó gbóná tó 75 ṣan ọkà náà títí omi ẹ̀ á fi tó lítà 26. Sè é fún ìṣẹ́jú 90, má dé e o, torí malt funfun yẹn ní èròjà kan tó máa ń rùn bí àgbàdo sísè, inú ooru ló ń gbà jáde, tó o bá dé e á máa kán padà síbẹ̀ ni. Tó bá ku wákàtí kan kó o sọ̀ ọ́, da hops Magnum gíráàmù 12 sí i, tó bá ku ìṣẹ́jú 10, hops Saaz gíráàmù 15. Ìyẹn náà ti tó, Gíríìsì là ń lọ, kì í ṣe Amẹ́ríkà. Haidrómítà ẹ, ohun tá a fi ń wọn bí ṣúgà inú ọtí ṣe pọ̀ tó, gbọ́dọ̀ máa ka nǹkan bíi 1.047.

Ní ti omi, orí yín dáa ní Manchester, Lake District ni omi yín ti ń wá, ó rọ̀, kò dà bí ti Lọ́ńdọ̀nù tó máa ń fi ẹfun sí kẹ́tù lára. Ìdajì hóró Campden kan ni kó o lọ̀ sínú gbogbo omi náà kó o tó bẹ̀rẹ̀, kí kẹ́míkà tí wọ́n fi ń pa kòkòrò inú ẹ̀rọ má bàa jẹ́ kí ọtí ẹ máa rùn bí ọsibítù.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an la dé yìí. Ẹnikẹ́ni lè se ọkà, òtútù ló ń sọ ọ́ di lágà. Wá fríìjì àlòkù tí bọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ lè wọ̀, ra ẹ̀rọ kékeré tó ń tan iná fríìjì tó sì ń pa á bó o bá ṣe fẹ́, kó o jẹ́ kí ọtí náà tutù dé dígírì 12 kó o tó da yíìsì sí i, Saflager W-34/70, páálí méjì, má ṣahun sí i torí nínú òtútù ó nílò èrò. Ọ̀sẹ̀ kan dé méjì. Tí haidrómítà bá ti ń sún mọ́ 1.015, jẹ́ kó móoru dé 17 tàbí 18 fún ọjọ́ mẹ́ta, yíìsì á gbá ilé tó dọ̀tí mọ́. Nígbà tó bá dúró síbì kan, ní bíi 1.010, fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko, gbé e lọ sí dígírì 2 fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Mo mọ̀ pé ibẹ̀ ni sùúrù máa ń tán, àwọn kan á ti máa tọ́ ọ wò lójoojúmọ́, tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹrin ó ti ku ìdajì. Ìgbà yẹn lo tó máa rọ ọ́ sígò, ṣúgà gíráàmù 130 fún gbogbo ẹ̀, ọ̀sẹ̀ méjì nínú ilé tó móoru, kó o tó wá kì í bọ fríìjì. Má rọ ọ́ sígò nígbà tí nọ́ńbà ṣì ń lọ sílẹ̀ o, ìgò máa ń bẹ́, ó sì ti ṣe ọ̀pọ̀ èèyàn léṣe.

Tí kò bá sí fríìjì, dúró di oṣù kọkànlá kó o lo gáréèjì, òtútù Manchester á bá ẹ ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, mo gbìyànjú lágà, ó ń rùn bíi bọ́tà. Ṣé ó ti bàjẹ́ nìyẹn? Houston ni mo wà, kò sí òtútù ní gáréèjì tèmi o. Ìyá Ìbejì.

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ. Kò tíì bàjẹ́, ẹ má dà á nù. Yíìsì ló ń ṣe òórùn bọ́tà yẹn, òun náà ló sì máa ń jẹ ẹ́ padà, ẹ ti lè gbé e sínú òtútù kó tó parí iṣẹ́. Tẹ́ ẹ ò bá tíì rọ ọ́ sígò, ẹ gbé e síbi tó tó 18 fún ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin kẹ́ ẹ tún tọ́ ọ wò. Tó bá wá jẹ́ pé ó ti kan pọ̀ mọ́ bọ́tà yẹn, kòkòrò ló wọ̀ ọ́, ẹ dà á nù, kẹ́ ẹ fọ gbogbo irinṣẹ́ yín dáadáa.

Ní ti ooru Houston, yíìsì kan wà tí wọ́n ń pè ní Lutra, Norway ni irú ẹ̀ ti wá, ó lè ṣiṣẹ́ ní dígírì 30 láì tu òórùn èso jáde. Ojúlówó lágà kọ́ o, ẹni tó mọ̀ ọ́n á mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n tó bá ti tutù wọ̀ọ̀ nínú ife, mélòó ló máa bá yín jà?

Ìbéèrè: Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kí n pọn bíà fún ìsọmọlórúkọ, àwọn á sanwó. Ṣé òfin gbà á? Bàbá Tóbi, Peckham.

Ìdáhùn: Rárá o, Bàbá Tóbi. Láti 1963 lèèyàn ti lè pọn bíà fún ìlò ilé ara ẹ̀ ní Bìrìtìkó láì gba láísẹ́ǹsì, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ti gba kọ́bọ̀ kan, ó ti di ọjà nìyẹn, ẹ máa forúkọ sílẹ̀, ẹ máa san owó orí ọtí, ẹ tún máa gba láísẹ́ǹsì títa ọtí. Amẹ́ríkà náà ò gbà kéèyàn tà á, òfin ìjọba àpapọ̀ wọn ti 1978 fàyè gba gálọ́ọ̀nù 100 lọ́dún fún àgbà kan, 200 tí àgbà inú ilé bá tó méjì, ẹ̀yin Ìyá Ìbejì ẹ fetí sí i. Tẹ́ ẹ bá fẹ́, ẹ pọn ọ́n fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́, àmọ́ lítà 20 ò lè ju ìgò onídajì lítà 40 lọ, ẹ̀yin náà sì mọ iye èèyàn tó máa ń wá síbi ìsọmọlórúkọ wa.