Ẹni Mẹ́fà, Yàrá Mélòó Nínú Ọkọ̀ Òkun?

Ẹ̀yin ìyá wa, àsàlámù alaékùm. Ìyá ọkọ mi yóò pé ẹni 70 ọdún lọ́dún tó ń bọ̀, bí Ọlọ́hun bá fẹ́. Ọdún mẹ́ta lèmi àti ọkọ mi ti fi ń dá àjọ kí a lè gbé wọn lọ rí òkun. Ọkọ̀ ìgbafẹ́ ńlá kan tó ń gbéra ní Barcelona, tí yóò lo òru méje lórí omi, la ní lọ́kàn. Ẹni mẹ́fà ni wá: èmi, ọkọ mi, màmá, àti àwọn ọmọbìnrin wa mẹ́ta tí wọ́n jẹ́ ọmọ ọdún 12, 8 àti 3. Alágbàtà tó ń bá wa ṣètò rẹ̀ ní yàrá ẹbí kan wà tó gba ẹni mẹ́fà, ó ní fèrèsé gbàràmù àti bàkónì. Ó ní yàrá méjì tó so pọ̀ náà tún wà, owó rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, ṣùgbọ́n kò ní fèrèsé rárá. Ọkọ mi ní òun ò lè sanwó kí ìyá òun lọ máa sùn síbi tí kò ní fèrèsé, bí ọkà inú àká. Kí la ó ṣe?
Ìyá Fáúsá, Adéwọlé, Ìlọrin

Waaléékùm sàlámù, Ìyá Fáúsá. Ẹ bá mi kí màmá. Ọlọ́hun á jẹ́ kí ọjọ́ náà ó bá wọn láyọ̀.

Yàrá méjì tó so pọ̀ yẹn ni kí ẹ mú. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò ní tètè wọ ọkọ yín létí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fojú ara mi rí.

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ń tún yàrá ṣe nínú ọkọ̀ òkun tó ń gbéra ní Southampton, kí n tó padà wálé. Yàrá 18 ló wà lọ́wọ́ mi. Láàárọ̀, màá wọlé, màá ti àwọn ibùsùn òkè padà sínú ògiri, màá tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, màá fọ ilé ìwẹ̀. Lálẹ́, bí àwọn onílé bá ti lọ jẹun, màá tún wọlé lọ fa àwọn ibùsùn yẹn wálẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi pé yàrá kan gba ẹni mẹ́fà, bó ṣe máa rí lálẹ́ ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Ọ̀sán ni wọ́n ya àwòrán tí alágbàtà fi hàn yín, nígbà tí gbogbo ibùsùn ṣì wà nínú ògiri. Tó bá di alẹ́, àga gígùn á di bẹ́ẹ̀dì, ibùsùn òkè á sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú àkàbà wọn, ilẹ̀ á sì tán. Ẹni tó bá fẹ́ lọ tọ̀ lóru á máa fi ọwọ́ tá ògiri, á máa gba àárín ẹsẹ̀ àwọn tó sùn kọjá. Ṣé màmá ẹni 70 ọdún ló máa ṣe bẹ́ẹ̀, nínú ọkọ̀ tó ń mì?

Ẹ wá ro ti Àsùbáà. Ilé ìwẹ̀ kan, kékeré bíi kọ́bọ́ọ̀dù, ẹni mẹ́fà tó fẹ́ ṣe àlùwàlá. Bí ẹ bá ṣe é tán, níbo lẹ fẹ́ tẹ́ ẹní sí? Mo ti bá ẹbí kan pàdé rí tí wọ́n ń kírun ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọkọ̀, lẹ́nu ilẹ̀kùn, torí pé ibùsùn ti gba gbogbo ilẹ̀ yàrá wọn. Bàbá yẹn bẹ̀ mí pé kí n má bínú. Ó dùn mí, nítorí owó yàrá rẹ̀ pọ̀ ju ti gbogbo àwọn yòókù lọ́wọ́ mi lọ.

Yàrá aláìní-fèrèsé kan kò tóbi. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ẹ fojú inú wo yàrá tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12 níbùú, 13 lóòró, tí ilé ìwẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n méjì ni tiyín, ilé ìwẹ̀ méjì, ilẹ̀kùn kan láàárín wọn. Kí màmá, Fáúsá àti ẹni ọdún 8 wà nínú ọ̀kan. Màmá á sùn ní bẹ́ẹ̀dì ìsàlẹ̀ kan, Fáúsá á gba ìkejì, àbúrò rẹ̀ á gun òkè, inú rẹ̀ á sì dùn sí i. Kí ẹ̀yin, bàbá wọn àti àbíkẹ́yìn wà nínú ìkejì. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ ọdún 3 sùn ní ibùsùn òkè, bó ti wù kó sunkún tó. Ẹ ó ṣí ilẹ̀kùn àárín sílẹ̀ lóru, bí màmá bá pè, ẹ ó gbọ́.

Lórí fèrèsé tó ń ká ọkọ yín lára, ẹ ní kó béèrè lọ́wọ́ màmá fúnra wọn: nínú agboolé tí wọ́n dàgbà sí, yàrá mélòó ló ní fèrèsé gbàràmù? Àwọn àgbà wa kì í gbé ọ̀sán nínú yàrá. Yàrá wà fún oorun àti àpótí aṣọ. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ti ń gbàlejò, àgbàlá ni wọ́n ti ń gba atẹ́gùn. Bí ọkọ̀ òkun ṣe rí gan-an nìyẹn. Òkun kún gbogbo ìta rẹ̀, àga wà káàkiri lórí àjà, ìyẹn ìpele ọkọ̀, tó ṣí sílẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì ní béèrè kọ́bọ̀ lọ́wọ́ màmá kí wọ́n tó jókòó síbẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́. Ẹ gbé wọn síbẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, kí wọ́n rí oòrùn bó ṣe ń jáde látinú omi.

Bàkónì náà dára fún àwọn tó jẹ́ tọkọtaya nìkan. Ní tiyín, ọmọ ọdún 3 wà níbẹ̀, àga wà ní bàkónì, ọmọ sì mọ àga gùn. Àgádágodo ilẹ̀kùn rẹ̀ máa ń wà lókè tí ọwọ́ ọmọ ò tó, síbẹ̀ ẹnìkan gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ ọ ní gbogbo ìgbà. Ẹ ò lọ síbẹ̀ láti lọ ṣe ọlọ́dẹ.

Òkùnkùn yàrá aláìní-fèrèsé jẹ́ òkùnkùn gidi, mi ò ní tàn yín. Bí ẹ bá pa iná, ẹ ò ní mọ̀ bóyá aago méjì òru ni tàbí aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Ẹ wá ìkànnì tẹlifíṣàn tó ń fi iwájú ọkọ̀ hàn, ẹ pa ohùn rẹ̀, ẹ jẹ́ kó máa tàn lóru. Bí ilẹ̀ bá ń mọ́ lórí omi, yàrá náà á máa mọ́ díẹ̀díẹ̀. Iná ilé ìwẹ̀ pẹ̀lú, kí ẹ fi ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀, nítorí màmá.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀ jù lọ nìyí. Ọ̀pọ̀ alágbàtà kì í mọ ìyàtọ̀ láàárín yàrá tó so pọ̀ àti yàrá tó kàn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ẹ bi í pé: "Ṣé ilẹ̀kùn wà láti inú ọ̀kan bọ́ sínú ìkejì, àbí a ó máa gba ọ̀dẹ̀dẹ̀?" Ẹ gba nọ́ńbà yàrá méjèèjì sínú ìwé kí ẹ tó san ìdá owó kan. Iye kan tún wà tí wọ́n ń pè ní ẹ̀dínwó, tó jẹ́ pé ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ló máa yan yàrá fún yín bó bá ṣe wù wọ́n. Ẹ má gbà á. Ẹ lè bá ara yín ní àjà 4, kí màmá wà ní àjà 10.

Bí ẹ bá ti rí nọ́ńbà, nọ́ńbà iwájú ló sábà máa ń sọ àjà tí yàrá wà. Ẹ ní kí wọ́n fi àwòrán àjà náà ránṣẹ́ sí yín, kí ẹ wo ohun tó wà lókè yàrá yín àti ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Yàrá lókè, yàrá nísàlẹ̀, ìyẹn ló dára. Bó bá jẹ́ pé ibi ìlúwẹ̀ẹ́ ló wà lórí yín, kí ilẹ̀ tó mọ́ ni wọ́n á ti máa wọ́ àga gbuuru. Bó bá jẹ́ ilé ijó ló wà lábẹ́ yín, ìlù á máa gbọ̀n yín di òru. Ní iwájú pátápátá, ariwo ìdákọ̀ró lè jí yín ní èbúté tí wọ́n bá ti jù ú sómi.

Àárín gbùngbùn ọkọ̀ ni kí ẹ wà, kó sì jẹ́ ìsàlẹ̀. Èyí ni mo fi ara mi kọ́. Ọdún kẹrin tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́ ni mo kọ́kọ́ rówó gbé ìyá mi, tí wọ́n ti Òmù-Àrán wá, wọ ọkọ̀ gẹ́gẹ́ bí èrò. Ìsàlẹ̀ pátápátá làwa òṣìṣẹ́ ń sùn, mo sì ti búra fún ara mi pé ìyá mi ò ní sùn nísàlẹ̀. Mo ra yàrá tó wà lókè téńté, níwájú pátápátá, fèrèsé rẹ̀ tóbi bí ilẹ̀kùn. Lóru ọjọ́ kejì, a wọ inú omi tó wà láàárín Faransé àti Sípéènì, èyí tí wọ́n ń pè ní Biscay. Iwájú ọkọ̀ ń gbéra, ó ń já lulẹ̀. Ṣé ẹ mọ bí pákó jangirọ́fà àwọn ọmọdé ṣe ń ṣe, tí ìkángun méjèèjì ń fò, tí àárín kì í sì kúrò lójú kan? Ọkọ̀ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyá mi bì títí kò fi sí nǹkan kan nínú wọn mọ́. Mo fà wọ́n lọ́wọ́ sọ̀kalẹ̀ lọ sí àárín ọkọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ìgbàlejò, a sì jókòó sórí àga níbẹ̀ di àfẹ̀mọ́júmọ́. Ibẹ̀ ni ara wọn ti balẹ̀. Wọn ò wo fèrèsé yẹn mọ́ títí a fi padà. Mo fa aṣọ bò ó nítorí pé bí wọ́n bá ti rí ìgbì ni orí wọn ń yí. Ìyá mi ti kú báyìí, ó sì ń dùn mí síbẹ̀ pé n kò ra yàrá kékeré àárín fún wọn.

Lórí owó: ẹni àkọ́kọ́ àti ìkejì nínú yàrá kọ̀ọ̀kan ló ń san owó kíkún, ẹni kẹta àti ìkẹrin sábà máa ń san díẹ̀. Nínú yàrá méjì, ẹni mẹ́rin ló máa san kíkún. Owó ìdúpẹ́ àwọn òṣìṣẹ́, orí-kò-jorí ni wọ́n ń gbà á, lóru kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ẹ bi alágbàtà bóyá ó wà nínú iye tó pè. Ẹ má sì pẹ́. Ibùsùn ẹnì kẹta àti ìkẹrin ló máa ń kọ́kọ́ tán, nítorí pé iye èèyàn tí wọ́n lè kó sí apá kan ọkọ̀ kò gbọ́dọ̀ ju àyè tó wà nínú ọkọ̀ ìdóòlà apá náà lọ. Yàrá lè ṣófo kí wọ́n má lè fi ẹni kẹrin sí i.

Ọjọ́ tí ẹ bá wọlé, ẹ wá ẹni tó ń tún yàrá yín ṣe, ẹ ní kó fún yín ní ẹ̀wù ìdóòlà ọmọdé. Ẹ lọ síbi ìdánrawò ààbò kí ọkọ̀ tó gbéra, gbogbo yín, pẹ̀lú màmá. Láti ìgbà tí ọkọ̀ ìgbafẹ́ Costa Concordia ti gbá òkúta ní etí erékùṣù Giglio, nílẹ̀ Ítálì, ní oṣù kìíní ọdún 2012, tí ẹni 32 sì kú, wọn kì í fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré mọ́.

Ti ìrun: ní Ìlọrin a mọ ibi tí à ń kọjú sí láìbéèrè. Ọkọ̀ ní tirẹ̀ ń yípo. Ibi tí ẹ kọjú sí ní Ìṣáì lè ti bọ́ sí ẹ̀yìn yín ní Àsùbáà. Irin ni gbogbo ara ọkọ̀, ó lè dá fóònù tó ń júwe kíbíláà rú nínú yàrá. Ẹ lọ wò ó níta. Ẹ gbé búútà oníke méjì dání, torí bébà nìkan lẹ máa bá nílé ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹ má ju nǹkan kan sínú rẹ̀ yàtọ̀ sí bébà yẹn, bí ọ̀kan bá dí, ó lè dí mọ́ àwọn aládùúgbò lọ́wọ́. Ẹ tún ra ìkọ́ tó ní òòfà nídìí. Ògiri irin ni, ó máa lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ ó sì rí ibi fi ìborùn àti híjáàbù kọ́.

*

Ẹ jọ̀ọ́ mà, ìbejì mi yóò pé oṣù mẹ́rin nígbà tí a bá fẹ́ wọkọ̀. Ṣé wọ́n máa fún wa ní bẹ́ẹ̀dì ọmọdé, àbí ká gbé tiwa lọ?
Bàbá Ìbejì, Ọ̀fà

Ẹ kú oríire ìbejì o. Ẹ sún ìrìnàjò náà síwájú. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kì í gba ọmọ tí kò tíì pé oṣù 6 lọ́jọ́ tí wọ́n bá wọlé, èyí tó bá sì fẹ́ la agbami kọjá máa ń béèrè oṣù 12. Bí àkókò bá tó, wọ́n á fún yín ní bẹ́ẹ̀dì tó ń ká, lọ́fẹ̀ẹ́, bí ẹ bá ti béèrè nígbà tí ẹ ń sanwó. Ṣùgbọ́n méjì lẹ máa gbà, ilẹ̀ ni wọ́n sì máa gbé e lé. Ẹ béèrè yàrá tó gba ẹni mẹ́rin, kí àga gígùn rẹ̀ wà ní kíká.

*

Ṣé mo lè gbé kẹ́tù oníná dání, kí n máa fi po kókó fún ọmọ mi nínú yàrá? Áyọ́ọ̀nù ńkọ́?
Ìyá Ràfíù, Ìpàtà, Ìlọrin

Rárá o. Wọ́n á gbà wọ́n méjèèjì lọ́wọ́ yín lẹ́nu ọ̀nà, pẹ̀lú wáyà tó ní ojú ihò púpọ̀, wọ́n á sì dá wọn padà lọ́jọ́ tí ẹ bá ń lọ. Iná ni wọ́n ń bẹ̀rù jù láàárín òkun. Ẹ gbé fúláàsì dání. Omi gbígbóná wà níbi oúnjẹ láàárọ̀ títí di alẹ́, ẹ sì lè pọn ún wá sí yàrá. Kí ẹ gbé ògì gbígbẹ, ẹ má gbé tútù.