Báwo ni àwọn òǹwòran ṣe gba Pearl, fíìmù tí apààyàn jẹ́ olú ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀?

Ọ̀pọ̀ òǹwòran àti lámèyítọ́ ló gba fíìmù Pearl (2022) tọwọ́tẹsẹ̀, ohun tó sì ya púpọ̀ nínú wọn lẹ́nu ni pé àánú apààyàn náà ṣe wọ́n.

Pearl sọ ìtàn ìgbà èwe ìyá arúgbó tó ń pa èèyàn nínú X, fíìmù mìíràn tí Ti West darí, tó jáde lọ́dún 2022 kan náà. Ọdún 1979 ni X dá lé. Pearl ní tirẹ̀ padà sí 1918, sí oko kan ní Texas, nígbà tí ogun àgbáyé kìíní àti àjàkálẹ̀ àrùn ń jà. Ọmọbìnrin tó ń tọ́jú bàbá rẹ̀ tó yarọ, tí ìyá rẹ̀ ń káwọ́ rẹ̀ kò, ni Pearl. Ijó jíjó nínú sinimá ló ń wù ú.

Iṣẹ́ Mia Goth, òṣèré tó ṣe Pearl, tó sì bá Ti West kọ fíìmù náà, ni wọ́n yìn jù. Ní apá ìparí, ó dá sọ̀rọ̀ fún ọ̀pọ̀ ìṣẹ́jú, kámẹ́rà ò kúrò lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí ọkọ rẹ̀ tó ti ogun dé, ẹ̀rín náà ò kúrò lẹ́nu rẹ̀ títí omijé fi ń bọ́. Mo rò pé ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀rù fíìmù náà wà. Kódà Martin Scorsese, gbajúmọ̀ olùdarí fíìmù ọmọ Amẹ́ríkà, sọ pé òun ò tètè rí oorun sùn lẹ́yìn tí òun wò ó.

Àmọ́ àwọn tó ń retí ìpànìyàn wàràwàrà bíi ti X sọ pé ó ń falẹ̀.