Ṣé kí n jẹ́ kí ọmọ mi lọ sí itẹ́ òkú Haworth?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin òbí. Keighley ní ilẹ̀ England la wà, a kò tíì pẹ́ níbẹ̀. Ọmọ mi obìnrin pé ọdún mẹ́sàn-án. Tíṣà rẹ̀ fún wọn ní iṣẹ́ àṣetiléwá lórí bí àwọn èèyàn ṣe ń gbé àti bí wọ́n ṣe ń kú ní Haworth, ìlú kékeré kan nítòsí wa, láyé àtijọ́, nígbà tí ilé-iṣẹ́ ìránwú gba gbogbo àdúgbò yìí kan. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, wọ́n máa kó wọn lọ sí itẹ́ òkú ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì ibẹ̀, kí wọ́n lọ ka orúkọ àti ọjọ́ orí tí wọ́n gbẹ́ sára òkúta. Ó ti rí àwòrán òkúta kan tí orúkọ ọmọ mẹ́rin wà lára rẹ̀, ọmọ ìyá kan náà, láti ìgbà náà ni kò ti sùn dáadáa. Ó bi mí pé, "Mọ́mì, ṣé ìyá wọn ò tọ́jú wọn ni?" Mi ò rí nǹkan kan sọ. Màmá mi ní Iléṣà ní ká má jẹ́ kó débẹ̀ rárá, pé ọmọdé kì í lọ síbi òkú òfò. Bàbá rẹ̀ ní ẹ̀kọ́ lásán ni, kí n fi ọmọ sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ìyá Àdùnní

Ìdáhùn

Ìyá Àdùnní, ẹ kú ọ̀rọ̀ ọmọ. Bradford ni èmi ń gbé, àgbà nínú àwọn ọmọ mi sì ti ṣe irú iṣẹ́ yìí rí. Tèmi ni pé kí ẹ jẹ́ kó lọ, ṣùgbọ́n kí ẹ dá a lóhùn kí ọjọ́ náà tó pé. Ìbéèrè tó bi yín yẹn ló ń gba oorun lójú rẹ̀. Ọmọ tó bá gbà pé àìtọ́jú ìyá ló pa àwọn ọmọ wọ̀nyẹn, ojú ìyá tirẹ̀ náà ni yóò máa wò. Ẹ sọ fún un gbangba pé àwọn ìyá wọn tọ́jú wọn. Omi ló pa wọ́n, àti ààtàn, àti èéfín, àti òṣì. Kí ẹ lè rí ohun sọ tó bá tún bi yín, ẹ jẹ́ kí n ro bó ṣe rí.

Orí òkè ni Haworth wà. Nísàlẹ̀, létí odò, ni àwọn ilé-iṣẹ́ ìránwú wà: Bridgehouse, Ebor àti àwọn mìíràn. Irun àgùntàn ni wọ́n ń ran níbẹ̀. Òwú jẹ́ ti àwọn ará Lancashire lẹ́yìn òkè. Obìnrin àti ọmọdé ló pọ̀ jù nídìí ẹ̀rọ. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin ń ṣiṣẹ́ nínú ilé, wọ́n ń ya irun àgùntàn náà kó tó di ohun tí ẹ̀rọ lè ran. Òòyà onírin ni wọ́n fi ń yà á, òòyà náà sì gbọ́dọ̀ gbóná. Nítorí èyí, sítóòfù èédú ń jó nínú yàrá tọ̀sán-tòru, wọ́n á sì ti fèrèsé pa kí ooru má bàa jáde. Inú yàrá yẹn kan náà ni bàbá, ìyá àtọmọ ń sùn. Láti ọjọ́ tí wọ́n bá ti bí ọmọ ló ti ń fa èéfín yẹn símú. Ibi tí ikọ́ ẹ̀gbẹ ti ń rí odidi ìdílé mú nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ omi ni kí ẹ bá Àdùnní sọ jù, torí omi yé ọmọdé. Lọ́dún 1850, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ 69 péré ló wà fún ìlú tí èèyàn inú rẹ̀ lé ní 2,000. Ìdílé mẹ́rin, márùn-ún, á jọ máa lo ẹyọ kan. Kò sí ihò abẹ́lẹ̀ kankan tó ń gbé ìdọ̀tí lọ. Ìgbẹ́ èèyàn, ìgbẹ́ ẹran, eérú, ìfun tí àwọn alápatà dà nù, orí ààtàn ni gbogbo rẹ̀ ń lọ, ẹ̀yìn ilé sì ni ààtàn wà, nígbà mìíràn lábẹ́ fèrèsé gan-an. Òjò á rọ̀, omi rẹ̀ á wọ inú ilẹ̀, á sì ṣàn lọ bá kànga. Itẹ́ òkú fúnra rẹ̀ wà lókè, àwọn ilé kan sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi kànga kan á di àwọ̀ ewé, á máa rùn débi pé màlúù kò ní mu ún. Síbẹ̀, aago méjì òru mọ́jú ọjọ́ Ajé làwọn aláìní ti ń lọ síbẹ̀ kí wọ́n lè rí omi fọṣọ. Èmi tí mo ti to kẹ́ẹ̀gì sídìí ẹ̀rọ omi rí ní Òṣogbo, mo mọ irú obìnrin tí wọ́n jẹ́. Ẹni tó dìde láago méjì òru nínú òtútù ilẹ̀ yìí kí aṣọ ọmọ rẹ̀ lè mọ́, ẹ bi Àdùnní bóyá ẹni tí kò tọ́jú ọmọ nìyẹn.

Àlùfáà tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì yẹn láti ọdún 1820 títí di ọdún 1861 ni Patrick Brontë, ọmọ ilẹ̀ Ireland. Ilé rẹ̀ kọjú sí itẹ́ òkú náà. Ìyàwó rẹ̀ kú lọ́dún 1821, àwọn ọmọ rẹ̀ méjì àkọ́kọ́ kú lọ́dún 1825, ọ̀kan pé ọdún 11, èkejì pé 10. Láàárín oṣù September 1848 àti oṣù May 1849, mẹ́ta mìíràn tún kú, àwọn náà ti dàgbà. Ọmọ mẹ́fà ló bí, kò sí ọ̀kan tó sin ín. Kí Ọlọ́run má fi irú rẹ̀ dán wa wò. Ọkùnrin yìí ló kó àwọn ará ìlú jọ lọ́dún 1849 kan náà, tí wọ́n kọ̀wé sí Ìgbìmọ̀ Ìlera ìjọba ní London pé kí wọ́n rán ẹni tí yóò wá wo omi àwọn. Mo fẹ́ kí Àdùnní mọ ìyẹn ju ohunkóhun lọ. Ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ẹ́ tán, ó jókòó, ó mú gègé.

Ẹni tí wọ́n rán dé ní oṣù April 1850, Benjamin Herschel Babbage lorúkọ rẹ̀. Ó wọ ojúlé dé ojúlé, ó ka ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó wo kànga, ó sì ṣí ìwé tí ṣọ́ọ̀ṣì ń kọ orúkọ òkú sí. Ohun tó bá níbẹ̀ ni pé nínú èèyàn 100 tó kú ní Haworth, ó lé ní 41 tí kò pé ọdún mẹ́fà. Nígbà tó ro ọjọ́ orí gbogbo àwọn òkú pọ̀ tó sì pín in, ọdún 25.8 ló já sí. Níbí, ẹ ràn án lọ́wọ́, torí tíṣà máa ń sọ iye yìí, ọmọdé á sì rò pé gbogbo èèyàn ń kú lọ́mọ ọdún 25. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìkókó tó kú pọ̀ débi pé wọ́n fa iye náà wálẹ̀. Ẹni tó bá la ìgbà ọmọdé já lè di arúgbó. Patrick Brontë fúnra rẹ̀ lo ọdún 84.

Tó bá débẹ̀, yóò rí i pé ọ̀pọ̀ òkúta ibojì tẹ́ pẹrẹsẹ sórí ilẹ̀, wọ́n sì fún mọ́ra. Babbage bínú sí ìyẹn náà. Ó lé ní 1,300 òkú tí wọ́n sin síbẹ̀ láàárín ọdún mẹ́wàá tó ṣáájú kó tó dé, sínú ilẹ̀ tó ti kún tẹ́lẹ̀. Òkúta tẹ́ lé e lórí, ewéko kò lè hù, afẹ́fẹ́ kò lè wọlẹ̀. Àwọn igi ńlá tí yóò bá níbẹ̀, ọdún 1864 ni wọ́n gbìn wọ́n. Kò sí wọn nígbà ayé àwọn ọmọ tó ń ka orúkọ wọn.

Yóò tún fẹ́ mọ iṣẹ́ tí òun ì bá máa ṣe ká ní ìgbà yẹn ni wọ́n bí òun. Òfin ọdún 1833 ní ilé-iṣẹ́ ìránwú kò gbọdọ̀ gba ọmọ tí kò pé ọdún mẹ́sàn-án. Òfin ọdún 1844 tún mú un wálẹ̀ sí mẹ́jọ, ṣùgbọ́n ó ní kí ọmọ ṣiṣẹ́ ìlàjì ọjọ́, kó sì fi wákàtí mẹ́ta kàwé. Nítorí náà, Àdùnní ì bá ti wà lẹ́nu iṣẹ́: á wọ bàtà onígi, á sọ̀kalẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, á máa pààrọ̀ ìdì òwú tó bá kún lórí ẹ̀rọ, ariwo ẹ̀rọ á sì dí i létí. Ọ̀sán á pọ́n, á wá jókòó sí kíláàsì, á máa tòògbé. Owó tó bá gbà, ọwọ́ ìyá rẹ̀ ló ń lọ, torí wọ́n ń fi jẹun ni.

Ohun kan wà tí èmi kò ní sọ fún ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ẹ̀yin nìkan ni mo ń sọ ọ́ fún. Ìyá tó bá bímọ kì í pẹ́ nílé kó tó padà sídìí ẹ̀rọ nínú àwọn ìlú ìránwú wọ̀nyí. Ẹni tí wọ́n bá gbé ọmọ tì, bóyá ìyá arúgbó kan ládùúgbò, á fún un ní oògùn olómi tó ní ópíọ̀mù nínú kó lè sùn. Godfrey's Cordial làwọn èèyàn mọ̀ ọ́n sí. Wọ́n ń tà á lórí àtẹ bí ẹni ń ta ṣúgà, kò sí òfin gidi kan tó de títa ópíọ̀mù títí di ọdún 1868. Ọmọ á sùn, kò ní jẹun, á máa joro, òmíràn kò sì ní jí mọ́. Àwọn tó rà á gbà pé oògùn gidi ni. Ẹ jẹ́ kó dàgbà díẹ̀ sí i kó tó gbọ́ ìyẹn.

Bí wọ́n ṣe ṣọ̀fọ̀, ẹ lè sọ ọ́ fún un láìfòyà. Òtòṣì tí kò ní nǹkan kan á máa dá pẹ́nì lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ fún ẹgbẹ́ ìsìnkú, bí àwọn ìyá wa ṣe ń dá owó ẹgbẹ́, kí ìjọba má bàa sin ọmọ rẹ̀ sínú ibojì òtòṣì tí kò ní orúkọ. Owó oúnjẹ ni wọ́n ń yọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ á sì tún fi orúkọ èyí tó kú sọ èyí tí wọ́n bí tẹ̀ lé e. Yóò rí i lára òkúta, orúkọ kan náà lẹ́ẹ̀mejì, ẹ má jẹ́ kó yà á lẹ́nu. Àwa ń sọ tiwa ní Málọmọ́, à ń sọ ọ́ ní Dúrójayé. Ọgbẹ́ kan náà ni.

Ẹ má sì jẹ́ kó rò pé ikú nìkan ni wọ́n ń bá gbé. Wọ́n ń kọrin, ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wọn dá wọn lójú gan-an. Ọjọ́ Ìsinmi ni ọ̀pọ̀ ọmọ ilé-iṣẹ́ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka ìwé. Wọ́n ń ṣeré lórí pápá gbalasa òkè yẹn, tí àwa náà ń kó ọmọ lọ nísinsìnyí.

Omi tó mọ́ kò tètè dé. Àwọn onílé tí wọ́n máa san owó orí rẹ̀ ta kò ó, wọ́n ní ó ti wọ́n jù. Ó di ọdún 1858 kí wọ́n tó ní adágún omi tuntun. Ẹ ka ọdún tó wà láàárín 1849 àti 1858 fún Àdùnní, kó fi ìka rẹ̀ kà á fúnra rẹ̀, kó lè mọ bó ṣe pẹ́ tó tí àlùfáà yẹn fi ń dúró de omi náà, tó sì ń sin ọmọ ọlọ́mọ ní gbogbo ìgbà náà.

Ní ti Màmá ní Iléṣà, ẹ má bá wọn jiyàn. Nílé wa, òbí kì í débi ibojì ọmọ, a kì í sì í dárúkọ òkú òfò kiri. Àánú ló bí èèwọ̀ yẹn, mo sì ń bọ̀wọ̀ fún un. Ẹ kàn ṣàlàyé fún wọn pé Àdùnní kò lọ síbi ìsìnkú. Ìwé ló ń lọ kà, ìwé tó jẹ́ òkúta. Lẹ́yìn náà, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n sọ bó ṣe rí ní Iléṣà nígbà èwe wọn. Láti ọdún 1956 títí di ọdún 1961 ni dókítà òyìnbó kan, David Morley, wà ní ilé ìwòsàn Wesley Guild níbẹ̀. Ó dá ilé ìtọ́jú ọmọdé sílẹ̀ ní Ìmẹ̀sí-Ilé, wọ́n ń wọn ọmọ lóṣooṣù, wọ́n ń kọ ìwọ̀n rẹ̀ sórí káàdì tí ìyá fúnra rẹ̀ ń tọ́jú, ó sì fi hàn pé èéyi ń pa ọmọ wa ju bí àwọn dókítà ṣe rò lọ. Bóyá wọ́n wọn Màmá tàbí àbúrò wọn níbẹ̀. Tí Àdùnní bá gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá rẹ̀ àgbà lórí fóònù, yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ Haworth kò jìnnà sí ilé wa, iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ yóò sì ní ohun tí kò sí nínú ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Tí ẹ bá ráyè, ẹ mú un lọ lọ́jọ́ Sátidé kí kíláàsì wọn tó lọ. Ọ̀sán ni kí ẹ lọ, kó wọ bàtà tí kò ní yọ̀, torí òjò kì í dá lórí òkè yẹn. Kó mú orúkọ kan ṣoṣo, kó kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ jọ wo ọdún tó wà níbẹ̀ bóyá ó ṣáájú 1858 tàbí ó tẹ̀ lé e. Tó bá wá ní òun kò fẹ́ wọlé, ẹ má fà á. Ẹ bá tíṣà rẹ̀ sọ̀rọ̀, kó jẹ́ kí Àdùnní kọ ti kànga tàbí ti ilé-iṣẹ́ ìránwú nígbà tí àwọn yòókù bá ń kọ ti ibojì.