Párì tó ń ro yín: eyín yín dà báyìí?

Àǹtí, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ ní eyín yín mọ́ ṣáká, dókítà etí náà ní kò sí nǹkan kan nínú etí, síbẹ̀ párì ń ro yín láti ọdún tó kọjá, iwájú etí sì máa ń dún kẹ́kẹ́ bí ẹ bá lanu. Ẹ tún ní iṣẹ́ aránṣọ lẹ ń ṣe n'Ìyìn. Tíṣà ni mí l'Adó. Irora yìí bá mi gbé pẹ́, òun àti ẹ̀fọ́rí ni wọ́n jọ máa ń dé.

Ẹ̀kọ́ tí dókítà eyín kan kọ́ mi ló gbà mí ju oògùn lọ. Ó ní eyín òkè àti ti ìsàlẹ̀ kò ní ohun tí wọ́n jọ ń ṣe, àfi bí a bá ń jẹun tàbí bí a bá ń gbé itọ́ mì. Yàtọ̀ síyẹn, ètè lè pa dé, ṣùgbọ́n kí àlàfo wà láàárín eyín, kí ahọ́n rọra sinmi lé àjà ẹnu. Ẹ fi ìka lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín, kí ẹ wá fún eyín pọ̀. Iṣan tó wú sókè yẹn, òun ló ń ṣiṣẹ́ látàárọ̀ láìsí ẹni tó rán an.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé a kì í mọ ìgbà tí a ń fún un pọ̀. Bébà pupa kékeré ni mo lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn fóònù mi, mo lẹ òmíràn mọ́ ẹ̀gbẹ́ pátákó àti orí tábìlì tí mo ti ń máàkì. Bí ojú mi bá ti kan án, ìbéèrè kan ni: eyín mi dà? Bí wọ́n bá ti di ara wọn mú, màá mí síta pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, màá sọ èjìká sílẹ̀, párì náà á sì dẹ̀. Ìdí ìwé ìdánwò ló ti burú jù! Ó fẹ́ẹ̀ sú mi níbẹ̀rẹ̀, àfi ìgbà tó yá tí párì ń dẹ̀ fúnra rẹ̀ kí n tó rántí.

Ẹ lẹ tiyín mọ́ ara máṣíìnì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi eyín já òwú mọ́, ẹ má sì fi abẹ́rẹ́ há eyín. Sísọ́ọ̀sì ni kí ẹ máa lò.

Ti oúnjẹ kò le lọ́dọ̀ tiwa: iyán tó kúnná, ẹ̀fọ́, ẹja, kí òkèlè kéré. Ẹ fi àgbàdo sísun, egungun, orógbó, ṣingọ́ọ̀mù àti pákò sílẹ̀ títí irora á fi rọlẹ̀, kí ẹ tó máa padà sí wọn díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ yán, ẹ fi ọwọ́ gbé àgbọ̀n. Aṣọ tí a rì bọ omi lílọ́wọ́ọ́rọ́, tí a wá fi lé ẹ̀rẹ̀kẹ́, dára lálẹ́.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni torí irora yìí yọ eyín tí kò ṣe nǹkan kan, tàbí kó fá a. Dídún kẹ́kẹ́ yẹn nìkan, bí kò bá ti ro yín, kì í ṣe àìsàn. Ṣùgbọ́n bí ẹnu bá há tí kò ṣe é là, tàbí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wú pẹ̀lú ibà, ẹ lọ rí dókítà eyín. Bí irora párì bá ṣàdédé dé pẹ̀lú àyà ríro, òógùn tàbí èémí tó ń há, ẹ sáré lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, ọkàn lè ni.