Ẹ Má Dá Ọjọ́ fún Florida

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Maryland ni èmi àti ìyàwó mi ń gbé. Mo fẹ̀yìn tì ní oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, mo sì ra ọkọ̀ ìgbòkun kan tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 34. A fẹ́ gbé e láti Annapolis lọ sí Miami kí òtútù má bàa bá wa nílé, ká sì wà níbẹ̀ títí di Oṣù Kẹta. Mo ti ṣèlérí fún ọmọbìnrin wa tó ń gbé ní Miami pé a ó jọ jẹun Thanksgiving, ọdún ìdúpẹ́ tó máa ń bọ́ sí apá ìparí Oṣù Kọkànlá. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ojú òkun gan-an ni ká gbà, pé ó yá ju ọ̀nà omi inú ilẹ̀ lọ. Ìyàwó mi ń bẹ̀rù, ó ní òun ò mọ nǹkan kan nípa ọkọ̀. Ìgbà wo ni ká gbéra, ọ̀nà wo sì ni ká gbà?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú oríire ọkọ̀ o. Kó tó kan ọ̀rọ̀ ọ̀nà, ẹ pe ọmọ yín lónìí, kí ẹ fa ìlérí Thanksgiving yẹn padà. Ẹ ní òun ni kó wá bá yín níbi tí ọjọ́ náà bá ká yín mọ́. Ibi tí mọ́tò rẹ̀ yóò fi wákàtí mẹ́ta dé, ọjọ́ mẹ́rin ni ọkọ̀ yín yóò fi rìn ín.

Ìgbà márùn-ún ni èmi àti bàálé mi ti gba ọ̀nà yìí. Lọ́dún kejì, àwa náà dá ọjọ́ fún ọmọ wa ní Jacksonville. A dé Georgia, níbi tí omi ti ń kún tó sì ń fà ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà sí mẹ́sàn-án, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Odò tó kàn wa ni wọ́n ń pè ní Little Mud River. Odò tó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ẹlẹ́rẹ̀ lòun, kí la tún ń wá níbẹ̀? Omi sì ń fà lọ. Ó yẹ ká ju ìdákọ̀ró sílẹ̀, ká dúró kó tún kún, ṣùgbọ́n bàálé mi wo aago, ó ní a ó rọra yọ́ kọjá. Aago méjì ọ̀sán ni ìdí ọkọ̀ wọ ẹrẹ̀. Bí omi ṣe ń lọ sílẹ̀ ni ọkọ̀ ń dà sẹ́gbẹ̀ẹ́, títí ó fi di pé ara ògiri la jókòó lé. Ìkòkò ọbẹ̀ yí lórí sítóòfù, ó dà sórí bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tí omi máa fi gbé wa sókè padà ní nǹkan bí aago mẹ́jọ alẹ́, òkùnkùn ti ṣú biribiri, òtútù ti wọ egungun. Nǹkan kan ò ṣe ọkọ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ fún bàálé mi lálẹ́ ọjọ́ náà ni mi ò lè kọ síbí.

Ní ti ìgbà tí ẹ máa gbéra, nǹkan méjì ló há yín mọ́ àárín. Àkókò ìjì hárìkéènì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní Oṣù Kẹfà, ọgbọ̀njọ́ Oṣù Kọkànlá ló ń parí. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ adójútòfò kì í fẹ́ kí ọkọ̀ sọ̀kalẹ̀ kọjá ibì kan kí ọjọ́ kan tó pé. Ibẹ̀ àti ọjọ́ náà yàtọ̀ láti ilé-iṣẹ́ kan sí òmíràn, nítorí náà ẹ wá ojú ewé yẹn nínú ìwé tiyín, kí ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì. Òtútù ní tirẹ̀ ò ní dúró de adójútòfò. Sọ́ńdè àkọ́kọ́ nínú Oṣù Kọkànlá ni wọ́n ń dá aago padà sẹ́yìn, láti ọjọ́ náà lọ, nǹkan bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni ilẹ̀ ti ń ṣú, ẹ ò sì gbọ́dọ̀ máa rìn lóru lójú ọ̀nà tóóró. Bó bá jẹ́ èmi ni, ìdajì Oṣù Kẹwàá ni mo máa kúrò ní Annapolis, màá rọra gba ìlú Solomons àti Deltaville sọ̀kalẹ̀, kí Oṣù Kọkànlá bá mi ní Norfolk.

Norfolk ni wọ́n ti ń ka máìlì Intracoastal Waterway, ìyẹn ọ̀nà omi inú ilẹ̀ náà, láti orí òdo. Àwọn tó ń gbà á ń pè é ní the Ditch, ìyẹn kòtò. Miami wà ní nǹkan bí máìlì 1,090, máìlì orí ilẹ̀ ni o, kì í ṣe ti ojú òkun. Ọkọ̀ bíi tiyín yóò rin nǹkan bí máìlì méje ní wákàtí kan. Bí ẹ bá rin 50 lójúmọ́, ẹ ti ṣe dáadáa. Ẹ pín in, yóò fún yín ní ọjọ́ méjìlélógún láìsinmi. Ẹnikẹ́ni kì í rìn ín bẹ́ẹ̀. Atẹ́gùn yóò dá yín dúró, afárá kan ò ní ṣí lásìkò, ẹ́ńjìnnì yóò fẹ́ nǹkan kan. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ márùn-ún tàbí mẹ́fà sọ́kàn. Ní Thanksgiving, bóyá Charleston lẹ máa wà, ní máìlì 469. Ìlú tó dára láti jẹ tọ́kì ni.

Ọ̀rẹ́ yín ò parọ́, ojú òkun yá, torí pé èèyàn lè rìn tọ̀sántòru. Ṣùgbọ́n Cape Hatteras wà lọ́nà, ibẹ̀ sì ni ìṣàn omi gbígbóná Gulf Stream ti ń lọ sí àríwá. Bí atẹ́gùn àríwá bá pàdé rẹ̀, ìgbì á dìde dúró bí ògiri. Ibojì Àtìláńtíkì ni àwọn atukọ̀ ń pè é. Ẹni méjì tí ọ̀kan nínú wọn ò tíì tukọ̀ rí kò ní iṣẹ́ kankan níbẹ̀. Inú ni kí ẹ gbà.

Ẹ wọn òpó ìgbòkun yín láti ojú omi títí dé ṣóńṣó orí ẹ̀rọ tó bá wà lókè pátápátá. Ọ̀pọ̀ afárá tí kì í ṣí ló ga ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 65, ṣùgbọ́n afárá Julia Tuttle ní Miami jẹ́ 56.

Láti Norfolk, ọ̀nà méjì ló wà. Dismal Swamp, odò tí wọ́n gbẹ́ gba inú igbó àbàtà, ni mo fẹ́ràn, bí ìdí ọkọ̀ yín kò bá jìn jù, tí àwọn Army Corps of Engineers, àwọn ẹnjiníà ológun tó ń bójú tó o, kò sì tì í. Ọdún 1805 ni wọ́n ṣí i. Àwọn ẹrú ló fi ọwọ́ gbẹ́ ẹ nínú ẹrẹ̀, àwọn tó sá lọ mọ́ àwọn olówó wọn lọ́wọ́ sì ń gbé nínú igbó kan náà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Omi rẹ̀ dúdú bíi tíì, igi tẹ̀ bò ó lókè. Èmi tí ẹnu mi kì í dákẹ́, mi ò kì í lè sọ̀rọ̀ tí a bá ń gba ibẹ̀ kọjá. Ẹ ṣọ́ra fún ìtì igi tó rì sábẹ́ omi.

Ó wá ku ìyàwó yín. Kì í ṣe omi ló ń bẹ̀rù. Ohun tó ń rò ni pé bí ẹ bá ṣubú sínú omi, ta ni yóò padà wá gbé yín? Kí ẹ tó gbéra, ẹ ju tìmùtìmù kan sínú omi, kí ó tọ́ ọkọ̀ padà lọ mú un, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kí ẹ sì fi ẹnu yín mọ́ra. Ẹ fi bí wọ́n ṣe ń ké sí èèyàn lórí rédíò VHF, ìkànnì 16, hàn án. Tí ẹ bá fẹ́ gúnlẹ̀, òun ni kó di ìtọ́kọ̀ mú, kí ẹ̀yin tí ẹ lágbára jù máa fo pẹ̀lú okùn. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn láti ọdún kẹta wa. Tí ẹ bá fẹ́ tan ohun tó ń mú ilé gbóná lóru, ẹ ra ẹ̀rọ tó ń ké tí carbon monoxide bá wà nínú afẹ́fẹ́; gáàsì náà kì í rùn.

ÌBÉÈRÈ: Mà, mo pe orúkọ ìlú Beaufort lórí rédíò, ẹni tó ń ṣí afárá sì rẹ́rìn-ín. Kí ni mo ṣì sọ?

ÌDÁHÙN: Méjì ni wọ́n. Ti North Carolina ni Bófọ̀tì, ti South Carolina ni Biúfọ̀tì, ó sì lé ní 300 máìlì láàárín wọn. Ẹ kọ orúkọ ìpínlẹ̀ gbàǹgbà tí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n fi nǹkan ránṣẹ́ sí yín níbẹ̀. Bàálé mi ò kọ ọ́ nígbà tó ń ra pọ́ọ̀mpù omi, ọjọ́ mẹ́rin la fi dúró dè é ní Biúfọ̀tì.